Hóró ọ̀gẹ̀dẹ̀ dà?

Ẹ kú ilé o. Àjàṣẹ́ ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé ní SVT, ẹ̀kọ́ nípa ohun ẹlẹ́mìí àti ilẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ọmọbìnrin kan gé ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà sí méjì níwájú mi: “Olùkọ́, ẹ jọ̀ọ́, hóró ẹ̀ dà?” Mo rẹ́rìn-ín, mo ní ká bọ́ sórí ẹ̀kọ́ tó kàn. Mi ò mọ̀ ọ́n ni.

Nígbà tí mo délé ni mo tó wá ìwé. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ igbó tó ní hóró ní kúrómósómù (àwọn okùn tín-ín-rín inú ara tó gbé àbùdá ìran) 22, ìdì méjì, mọ́kànlá-mọ́kànlá. Àgbagbà ní 33: ìdì mẹ́ta! Tó bá di pé kó pín in dọ́gba láti ṣe hóró, kò ṣeé pín. Àwa èèyàn, ìdì méjì la ní, 46. Oyún tó bá gba ìdì mẹ́ta, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí èyí tó ń dúró. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ní tiẹ̀ kàn ń yọ ọmọ nídìí ni, kò bìkítà. Ẹ̀yin ńkọ́, kí lẹ ti rí?

— Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Ní Kétu níbí, adìẹ àti ẹtù ni mò ń sìn pọ̀. Lọ́dún kan, àkùkọ gun abo ẹtù. Nínú gbogbo ẹyin ẹ̀, ọ̀kan ṣoṣo ló pa. Kò ní ogbe bíi baba, kò ní ìwo orí bíi ìyá, igbe ẹ̀ gan-an ò jọ ti ẹnìkankan. A sìn ín títí, kò yé ẹyin kan. Ìyá ọkọ mi ní ta ni yóò ra irú èyí? A sè é jẹ nígbà Iléyá.

— Ẹyẹ yín yẹn ò lè yọ ọmọ nídìí bí ọ̀gẹ̀dẹ̀, ohun tó dé sí i nìyẹn. Ní Ṣábẹ̀ẹ́, bàbá mi a máa wú iṣu igbó wá sóko, a gbìn ín sínú ebè, a sì máa ṣọ́ ọ lọ́dọọdún; èyí tí ẹ̀gún ẹ̀ bá dínkù, tó sì ṣeé jẹ, ó ti di ti ilé. Ọmọ mi tó wà ní yunifásítì ló kà á fún mi pé àwọn tó yẹ ADN (ohun tó gbé àbùdá ìran) iṣu funfun wò kọ ọ́ ní 2020: iṣu igbó méjì ló pàdé bí i, ọ̀kan ti igbó kìjikìji, ọ̀kan ti ọ̀dàn. Àdàlù ni ohun tí à ń gún níyán! Ohun tó bá sì yí padà lára iṣu, bí a bá ti gé ibẹ̀ gbìn, ó di ti ìran ẹ̀. Èyí tó bá yí padà lápá mi, èmi nìkan ni mo ni ín, kò dé ọ̀dọ̀ ọmọ mi. Olùkọ́, ṣé ọmọ yẹn ti gbọ́ èsì?

— Mo sọ fún un lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e. Ó ní, “Ẹ ò mọ̀ ọ́n lọ́jọ́ náà, àbí?”