Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ṣé kí n gbà kí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún ehoro mi tó ti dàgbà?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Abo ehoro kan ni mo ń sìn, ó ti pé ọmọ ọdún 8, a ò sì yọ ilé ọmọ rẹ̀ rí. Ní bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn ni mo rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìtọ̀ rẹ̀. Mo kọ́kọ́ rò pé oúnjẹ ló fà á, torí ìtọ̀ ehoro a máa pọ́n nígbà míì láìsí àrùn. Àmọ́ dókítà ẹran ní kókó wà nínú ilé ọmọ rẹ̀, ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ jẹjẹrẹ.

A ti yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, kíndìnrín àti ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ṣì dára. A ya fọ́tò àyà rẹ̀, a ò rí nǹkan kan nínú ẹ̀dọ̀fóró. Ó ṣì ń jẹ koríko dáadáa. Tó bá gbọ́ ohùn mi, á sáré wá.

Oògùn akunilóorun ló ń bà mí lẹ́rù. Ehoro tó bá jí tí kò tètè jẹun, ìfun rẹ̀ lè dáwọ́ iṣẹ́ dúró, ìyẹn nìkan sì lè pa á. Mo ti ronú pé kí n kàn máa fún un ní oògùn ìrora, ọkàn mi ò gbà á, torí kókó yẹn á máa dàgbà ni.

Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe irú iṣẹ́ abẹ yìí fún ehoro tó ti dàgbà, ṣé ẹ tún máa ṣe é tó bá jẹ́ lónìí?

Ẹ má bínú pé ọ̀rọ̀ mi gùn. Mo ti ń dúpẹ́ sílẹ̀.