Ọmú wú, mi ò bá kókó: ṣé kí n fọkàn balẹ̀?

Ìyá Káyọ̀dé, Mọ́níyà
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ìyá mi. Ọmọ mi pé oṣù 7, ó ṣì ń mu ọmú. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ 3 tí ọmú òsì ti wú, ó ń gbóná, ó sì dúdú ju èkejì lọ. Mo lo ańtíbáótíìkì tán, kò lọ. Ìyá ọkọ mi ní wàrà ló dì, kí n máa fi omi gbígbóná jó o. Mo tẹ̀ ẹ́ títí, kò sí kókó. Ṣé kí n ṣe sùúrù díẹ̀ sí i?

Télọ̀ Mọ́kọ́lá
Ọmọ mi, má ṣe sùúrù kankan. Kókó tí mi ò rí ló fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí. 2018 ni, àbíkẹ́yìn mi ti wà ní sẹ́kọ́ńdìrì, wàrà wo ló kù lára mi? Síbẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n fún mi ní ańtíbáótíìkì níbì kan. Ìgbà tí mo bọ́ kọ́mú níwájú dígí ṣọ́ọ̀bù mi ni mo rí i: awọ ọmú náà ti rí bí èèpo ọsàn, ihò wínníwínní, orí rẹ̀ sì ti wọlé.

Ní UCH, ilé ìwòsàn ńlá n'Ìbàdàn, wọ́n bu ẹran níbẹ̀, wọ́n bu awọ náà mọ́ ọn, wọ́n fi ṣe àyẹ̀wò. Jẹjẹrẹ ni. Irú èyí kò wọ́pọ̀, ó sì yára. Ó máa ń dí ọ̀nà omi ara lábẹ́ awọ, òun ló ń jẹ́ kó wú láìní kókó. Mo ní kí wọ́n gé e lọ́jọ́ náà. Dókítà kọ̀, ó ní kẹ́mò, oògùn tó ń pa jẹjẹrẹ, ló máa ṣáájú, kí awọ lè rọ̀ kí wọ́n tó gé gbogbo ọmú, ìtànṣán tí wọ́n fi ń pa ìyókù jẹjẹrẹ á wá tẹ̀ lé e. Kẹ́mò pupa yẹn! Ìtọ̀ mi pọ́n bíi sóbò. Nígbà tó yá, ìka mi kú, mi ò lè ki òwú bọ abẹ́rẹ́. Ìyẹn dùn mí ju irun tó re lọ. Fúnra mi ni mo rán ọmú tí mò ń kì sínú kọ́mú, òwú àti ọkà bàbà, kó lè wúwo díẹ̀.

Bàbá Ìbejì, Bódìjà
Nọ́ọ̀sì nìyàwó mi. Ó ní ara dúdú kì í jẹ́ kí pípọ́n ọmú hàn dáadáa, kí ẹ máa yà á ní fọ́tò.

Ìyá Káyọ̀dé
Ẹ̀rù bà mí o, mà. Tó bá jẹ́ wàrà lásán ńkọ́?

Télọ̀ Mọ́kọ́lá
Kó rí bẹ́ẹ̀, àmín. Ṣùgbọ́n èsì àyẹ̀wò ni kó sọ ọ́, kì í ṣe ẹnu ìyá ọkọ ẹ.

Ìyá Káyọ̀dé
Màá lọ lọ́la. Ṣé kí n gbé ọmọ dání?

Télọ̀ Mọ́kọ́lá
Gbé e pọ̀n. Kúrò nílé ní aago 6, ọ̀nà Ọjọ́ọ̀ á dí tó bá yá.