Ọwọ́ ọmọ mi: ṣé ká tún padà lọ ya fọ́tò eegun?

Ẹ ǹlẹ́ o, ẹ̀yin òbí ẹgbẹ́ mi. Ọmọkùnrin mi, ọmọ ọdún 8, ṣubú lórí kẹ̀kẹ́ ní ọjọ́ 10 sẹ́yìn, ọrùn ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sì wú. A gbé e lọ sí ọsibítù, wọ́n ya fọ́tò eegun. Nígbà tí mo rí ìlà dúdú tó la orí eegun náà kọjá, àyà mi já. Mo ní ó ti kán nìyẹn.

Dókítà ní rárá, pé eegun rírọ̀ ló wà níbẹ̀, ohun tó jọ èyí tó wà ní etí wa, fọ́tò kì í sì í gbé e hàn bí eegun, ìdí nìyẹn tó fi dà bí ìlà dúdú. Ibẹ̀ ni eegun ọmọdé ti ń gùn. Díẹ̀díẹ̀ ni yóò máa le di eegun gidi, títí ìlà náà yóò fi pa rẹ́ lẹ́yìn ìbàlágà. (Ó yà mí lẹ́nu gan-an!) Ṣùgbọ́n bó ṣe tẹ ojú ibẹ̀ báyìí, ọmọ figbe ta. Dókítà ní ibẹ̀ lè ti fara pa láìhàn nínú fọ́tò, ló bá fi pí-ó-pí (ẹfun tó máa ń le, tí wọ́n fi ń di eegun) dì í fún ọ̀sẹ̀ 3.

Ìyá ọkọ mi fẹ́ ká gbé e lọ sọ́dọ̀ bàbá tó ń to eegun. Mo bẹ̀ wọ́n pé ká má ṣe é, torí ẹ̀rù ń bà mí pé fífà àti títẹ̀ lè ba ibi tí eegun ti ń dàgbà jẹ́.

Ìbéèrè mi nìyí: tí wọ́n bá tú pí-ó-pí, tí kò sì dùn ún mọ́, ṣé ó yẹ ká padà lọ ya fọ́tò lẹ́yìn oṣù mélòó kan, láti mọ̀ bóyá ọwọ́ náà ń gùn bí èkejì?

Ẹ má bínú pé ọ̀rọ̀ mi gùn. Ẹ ṣeun púpọ̀ ṣáájú.