Ìbéèrè fún àwọn ọlọ́tí: ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ni mò ń kọ

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí. Ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ni mò ń kọ, nípa ìyá ọlọ́tí kan l'Ákùúrẹ́. Oníbàárà rẹ̀ mu ògógóró, ojú rẹ̀ kọ́kọ́ fọ́, ó sì kú. Ọ̀ràn àwọn tó kú l'Óde-Ìrèlè, ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, lọ́dún 2015 ló jẹ́ kí n máa kọ ọ́: àwọn èèyàn pè é ní àìsàn àràmàǹdà, àṣé mẹ́tánọ́ọ̀lù, oró kan tó wà nínú ọtí tí wọ́n mu, ni. Ó ṣì ń dùn mí. Mẹ́tánọ́ọ̀lù kò sì yàtọ̀ sí ọtí lójú.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ra ògógóró ní kẹ́ẹ̀gì láti apá Òkìtìpupa, tí ọtí tí ẹni mẹ́ta pọn bá dé lẹ́ẹ̀kan, báwo lẹ ṣe ń mọ ti ta ni? Ṣé ẹ máa ń sàmì sí kẹ́ẹ̀gì? Àbí ẹ máa ń dà wọ́n pọ̀?