Ráífù oníbóòtù tó fúyẹ́ fún ọdẹ: ẹ sọ èyí tójú yín ti rí

Ọdẹ láti ẹ̀yìn Òmù-Àrán

Àbúrò mi tó ń wá ráífù tó fúyẹ́ tí kò sì ní já ọdẹ kulẹ̀, mo kí ọ. Ní apá Ìgbómìnà níbí, ṣakabùlà ni ọ̀pọ̀ wa bá lọ́wọ́ bàbá wa, ẹlẹ́nu kan tàbí ẹlẹ́nu méjì la sì ń gbé báyìí. Ráífù kò wọ́pọ̀. Àmọ́ mo ti fi dẹ igbó, mo sì fẹ́ kó o mọ ohun tí wàá wò kí owó tó kúrò lọ́wọ́ rẹ.

Brno .22 ni mo fi mọ ráífù, ti Czechoslovakia àtijọ́ (nọ́ńbà bíi .22 yìí ló ń sọ irú ọta tí ìbọn ń jẹ). Àbúrò bàbá mi ló ni ín, ìwé àṣẹ rẹ̀ sì pé. Kò tó kìlógíráàmù mẹ́ta. Wàá gbé ọwọ́ bóòtù, irin tí à ń fà láti kó ọta wọlé, sókè, wàá fà á sẹ́yìn, kòròfo ọta á ta jáde sí ọ̀tún, wàá tì í síwájú, wàá tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀, ó parí. Kò sí ẹ̀tù tí òjò máa rẹ, kò sí pé à ń ki ìbọn lọ́wọ́ nígbà tí òyà ti wọ inú koríko lọ. Mo fi pa òyà, mo fi pa àparò, mo fi pa ehoro. N kò fi yin ìgalà rí, n kò sì ní fi yin ín láéláé. Ọta .22 kéré sí ẹran tó tóbi tó bẹ́ẹ̀. Ẹran á gbé ọgbẹ́ lọ kú síbi tí igún nìkan ti máa rí i. Ìyà ni fún ẹran, ìtìjú ni fún ọdẹ.

Ní ti kí ìbọn fúyẹ́: èèyàn á gbé e ní ṣọ́ọ̀bù, á ní, "Háà, èyí mà fúyẹ́ o!" Ìbọn òfìfo ló gbé yẹn. Fi awò, gíláàsì tó ń fa ohun tó jìnnà sún mọ́ ojú, sí i lórí, so okùn mọ́ ọn, ki ọta márùn-ún sí i, kó o wá gbé e sórí ìwọ̀n. Èyí tí wọ́n pè ní kìlógíráàmù méjì ààbọ̀ ti lé ní mẹ́ta nìyẹn. Awò tó tóbi nìkan lè gba nǹkan bí ìdajì kìlógíráàmù. Igbó tiwa sì nìyí, kì í ṣe pápá gbalasa. Láti ọ̀dọ̀ wa lọ sí ìhà Ọ̀wá-Kájọlà níbi tí omi Òwù ti ń já láti orí àpáta, koríko ń ga ju èèyàn lọ lásìkò òjò. Ẹran tó o bá rí ti sún mọ́ ọ, 30 sí 60 ìṣísẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Ojú ìbọn onírin tó o lè fi wò kíákíá tó ọ. Bó o bá fẹ́ awò dandan, kékeré ni kó o mú.

Ibi tí ìwúwo wà tún ṣe pàtàkì ju iye ìwúwo lọ. Tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ sábẹ́ ilé ọta, ibi tí à ń to ọta sí lára ìbọn. Bí ìbọn bá dúró jẹ́ẹ́ láìforí lélẹ̀, láìfìdí lélẹ̀, yóò bá ọ rìn dọ̀sán. Lẹ́yìn náà di ojú rẹ, gbé e sí èjìká bí ìgbà tí ẹran yọ, kó o tó la ojú. Tó bá jẹ́ pé ńṣe lo ní láti máa fi ọrùn wá ojú ìbọn kiri, kì í ṣe tìrẹ nìyẹn, bó ti wù kó fúyẹ́ tó.

Ọ̀rọ̀ bóòtù ló wá jẹ mí lógún jù. Paul Mauser ará Jámánì ló ṣe èyí tí ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ṣì ń wò ṣe tiwọn. Ìbọn náà di ti àwọn ọmọ ogun Jámánì ní 1898. Irin gígùn kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bóòtù yẹn, èékánná là ń pè é. Bí ọta bá ṣe ń dìde kúrò nínú ilé ọta ni èékánná ti gbá ìdí rẹ̀ mú, kò sì ní tú u sílẹ̀ títí kòròfo yóò fi jáde. Ká sọ pé túùkù yọ sí ọ lójijì. O fa bóòtù, o tì í débi kan, ọwọ́ rẹ gbọ̀n, o tún fà á padà. Bóòtù tí kò ní èékánná yìí ti fi ọta àkọ́kọ́ sílẹ̀ nínú ọ̀pá ìbọn, kò sí ohun tó dì í mú. Ìkejì á wá forí sọ ọ́ nídìí, ìbọn á há, túùkù kò sì ní dúró dè ọ́. Ti Mauser á gbé ọta tó dì mú padà, á jù ú nù, á gbé òmíràn wá.

Winchester Model 70, ráífù Amẹ́ríkà kan, ní èékánná náà nígbà tó jáde ní 1936. Wọ́n yọ ọ́ kúrò ní 1964, ó sì dun àwọn ọdẹ Amẹ́ríkà débi pé èyí tí wọ́n ṣe ṣáájú ọdún yẹn ni wọ́n ń fi owó gọbọi wá kiri, títí ilé iṣẹ́ náà fi dá èékánná padà.

Torí náà, kó o tó rà á, bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n fún ọ ní ọta àfidánwò, èyí tí kò ní ẹ̀tù nínú. Kó ọta náà sínú ìbọn kó kún. Fà á jẹ́jẹ́, tún fà á kíákíá, dojú ìbọn délẹ̀ kó o tún fà á. Máa wo imú ọta bó ṣe ń gun orí irin lọ sínú ọ̀pá ìbọn. Bó bá ń forí kọ́ nǹkan lẹ́ẹ̀kan péré nínú ṣọ́ọ̀bù tí ara ti tù ọ́, kí lo rò pé yóò ṣe nínú igbó?

Ẹni tó gbé Finland rí, Tánkẹ́ ní Ìlọrin

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o, bàbá wa. Ti ìwọ̀n tí ẹ sọ, òótọ́ pọ́ńbélé ni. Ti èékánná ni màá bẹ̀bẹ̀ kí n fi díẹ̀ kún.

Finland ni mo ti kọ́ ọdẹ ráífù nígbà tí mo ń ṣiṣẹ́ lọ́hùn-ún. Èèyàn kì í ṣàdédé gbé ìbọn wọ igbó níbẹ̀, ìdánwò ọdẹ wà tí wàá ṣe. Bó bá jẹ́ moose lo fẹ́ pa, ẹran kan tó ga ju màlúù lọ tó ní ìwo bí ẹ̀ka igi, wàá tún lọ yìnbọn níwájú wọn: ọta 4 láti mítà 75, gbogbo rẹ̀ gbọ́dọ̀ bọ́ sínú òbìrí tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 23.

Tikka T3x Lite ni mo gbé. Ilé iṣẹ́ Sako ló ń ṣe é nílùú Riihimäki. Nǹkan bíi kìlógíráàmù mẹ́ta ni òfìfo rẹ̀. Kò ní èékánná Mauser, ńṣe ló kàn ń ti ọta wọlé, síbẹ̀ kò há mọ́ mi lọ́wọ́ rí, nínú yìnyín tàbí nínú òjò. Bóòtù rẹ̀ ń lọ geere, kì í mì. Bó o bá fà á dópin tó o sì tì í dópin, kò ní bá ọ jà. Mauser dára, àmọ́ kì í ṣe òun nìkan ló ṣeé gbọ́kàn lé, bàbá.

Igi ìbọn tèmi kì í ṣe igi gidi, ike líle ni. Mo fẹ́ kí àbúrò wa ronú lórí ìyẹn, torí òjò ìhà ọ̀dọ̀ wa. Igi máa ń mu omi, á wú, á wá máa ti ọ̀pá ìbọn lẹ́gbẹ̀ẹ́, ọta tó ń lọ tààrà nígbà ọ̀gbẹlẹ̀ á sì yà. Fi bébà kan sáàárín ọ̀pá ìbọn àti igi rẹ̀. Tó bá ń kọjá láìfara kan ibì kan, ó dáa.

Èyí tí n kò tíì gbọ́ kẹ́nikẹ́ni sọ ni ti èjìká. .308 ni ọta tèmi, ìbọn fífúyẹ́ sì máa ń ta èèyàn ju èyí tó wúwo lọ tó bá jẹ́ ọta kan náà ni wọ́n ń yìn. Ìrora rẹ̀ kọ́ ló burú, ìbẹ̀rù rẹ̀ ni. Ojú á ti dì kí ìka tó fà á, èjìká á ti fà sẹ́yìn, ọta á gba orí ẹran kọjá. Mo rí ọkùnrin onígboyà tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ láìmọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ìbọn fífúyẹ́ kó mú ọta tó rọ èèyàn lára, bíi .243 tàbí 6.5x55, kí rọ́bà ìdí ìbọn náà sì nípọn.

Ìyá kan láti Ìgbàjà

Ọmọ ọdẹ ni mí, ìyàwó ọdẹ ni mí, n kò yìnbọn rí. Ẹ gbà mí láàyè.

Gbogbo yín ń sọ bí ìbọn ṣe fúyẹ́, ẹnì kan kò sọ ibi tí ọta ń lọ bí kò bá ba ẹran. Ọta ráífù kan wọ ògiri ahéré wa ní oko. Ọ̀sán gangan ni. Níta, ihò rẹ̀ kò ju ìka kékeré mi lọ. Nínú, amọ̀ tó fọ́ lára ògiri tó àwo ọbẹ̀, ibi tí a máa ń jókòó bó ẹ̀gẹ́ sí ni ó dà sí. Ọlọ́run ló ní ká ti lọ pọnmi. Ìbọn tó dún yẹn, ọ̀nà jíjìn la ti gbọ́ ọ, a ò tilẹ̀ kà á sí. Ṣakabùlà ọkọ mi kò lè débẹ̀ yẹn láéláé. Àwọn ọmọ wa ń ṣẹ́gi nínú igbó tí ẹ ń dẹ yìí, àwọn darandaran wà níbẹ̀. Ẹ rò ó mọ́ ọn.

Ọdẹ láti ẹ̀yìn Òmù-Àrán

Ìyá wa, ẹ ṣeun gan-an. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run tó kó yín yọ. Ọ̀rọ̀ yín ló yẹ kó ṣáájú tèmi.

Àbúrò mi, gbọ́ o. Ọta .22 kékeré yẹn gan-an lè rìn ju kìlómítà kan lọ. .243 lè kọjá mẹ́ta. Torí náà, n kì í fa ráífù àfi tí mo bá rí ilẹ̀ gidi lẹ́yìn ẹran, òkè tàbí àpáta tàbí bèbè odò. Bó bá jẹ́ ojú ọ̀run ni mo rí lẹ́yìn rẹ̀, kó máa lọ. Lálẹ́, n kì í gbé ráífù jáde rárá. Ẹlẹ́nu méjì ni mo ń gbé, torí ojú tó ń tàn nínú iná ọdẹ, o lè mọ ẹni tó ni ín, o ò lè mọ ẹni tó sùn sí oko lẹ́yìn rẹ̀.

Ọmọ wa ní Tánkẹ́, mo gba ti èjìká, mo sì gba ti igi tó ń mu omi. Ti Tikka, bó o ṣe sọ ọ́ yẹn, ọwọ́ tó balẹ̀ ló ń fa bóòtù dópin. Ọwọ́ tó ń gbọ̀n ni mo ń rò, èékánná ni màá sì dúró tì. Ṣùgbọ́n .308 yẹn, ẹ má fi kọ́ni nílẹ̀ yìí o. Òfin ìbọn ti 1959 pín ìbọn sọ́nà mẹ́ta: èyí tí aráàlú kò gbọ́dọ̀ ní, èyí tí a lè gbàwé lé lórí, bí ẹlẹ́nu méjì àti ráífù ọdẹ, àti ṣakabùlà pẹ̀lú àwọn tí à ń ki láti ẹnu. Ráífù 7.62 mm, 9 mm àti .300 wà nínú èyí tí a kò gbọ́dọ̀ ní, 7.62 sì ni .308. Ìwé àṣẹ ráífù ọdẹ, ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá ni òfin fún lágbára láti fúnni. Gbàwé ná kó o tó sanwó ohunkóhun, kó o sì béèrè bóyá ọta rẹ̀ wà lọ́dọ̀ ẹni tó ní àṣẹ àtità kó o tó béèrè ìbọn.

Bó bá jẹ́ èmi ni, 7x57 ti Mauser ni màá mú, kìlógíráàmù mẹ́ta ó lé díẹ̀, pẹ̀lú ojú ìbọn onírin. Ọta náà kì í ta èèyàn púpọ̀. Òun ni Walter Bell, ọdẹ ará Scotland, fi pa púpọ̀ nínú erin tó pa ní Áfíríkà, ó sì pa ju ẹgbẹ̀rún kan lọ. N kò yìn ín fún iye erin tó pa. Mo kàn ń sọ pé ibi tí ọta bà ló ń pa ẹran, Bell sì mọ ibẹ̀ dáadáa.

Àbúrò, ọwọ́ wo lo fi ń yìnbọn? Wọ́n ń ṣe bóòtù ọlọ́wọ́ òsì, àmọ́ ó ṣọ̀wọ́n. Kọ ọ́ síbí kí a tó máa bá ọ wá a.