Odi, bèbè tàbí pèpéle? Lórí orúkọ ògiri èbúté

Ẹ̀yin àgbà àti ẹlẹgbẹ́ mi,

Àbá kan wáyé pé kí a máa pe iṣẹ́ tí wọ́n fi ń tún ògiri èbúté àtijọ́ ṣe, kí ọkọ̀ ojú omi ńláńlá lè gúnlẹ̀ síbẹ̀, ní "ìmúlágbára odi èbúté". N kò fara mọ́ ọn.

Odi ni a ń mọ yí ìlú ká nítorí ọ̀tá. Erùpẹ̀ yàrà tí wọ́n gbẹ́ síwájú rẹ̀ ni wọ́n fi ń mọ ọ́n, bí a ti rí i nínú Erédò Sùngbọ́ ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú. Bí yàrà bá ṣe ń jìn sí i ni odi ń ga sí i. Òdìkejì èyí gan-an ló ń ṣẹlẹ̀ ní èbúté. Èbúté Lẹ́kkí tí wọ́n ṣí ní 2023 jìn tó mítà 16.5, ti Tin Can, tó ti wà láti 1977, kò jìn tó bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá wa yanrìn iwájú ògiri àtijọ́ kí ọkọ̀ ńlá lè ráyè wọlé, yanrìn tó di ẹsẹ̀ ògiri náà mú ni wọ́n ń kó lọ, nígbà tí yanrìn ẹ̀yìn rẹ̀, pẹ̀lú kọ̀ńténà àti ẹ̀rọ agbẹ́rù tó wà lórí rẹ̀, ṣì ń tì í sínú omi.

Pèpéle iwájú ilé ló jọ ọ́ jù: erùpẹ̀ ni inú rẹ̀, ènìyàn sì ń jókòó lé e. Kí a pe ibi tí ẹrù ń sọ̀ sí ní pèpéle èbúté, kí ojú rẹ̀ tó kọ sí omi sì jẹ́ ògiri pèpéle. (Wáàfù ni àwọn ará Àpápá ń pe gbogbo rẹ̀ pọ̀, kò sì burú lẹ́nu ọjà.) Bèbè dùn létí, ṣùgbọ́n odò tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn náà ní bèbè.

"Ìmúlágbára" ńkọ́? Ó sún mọ́ ìrónilágbára àwọn olóṣèlú jù, ẹ̀rọ ìránṣọ àti ọ̀kadà ni ó ń mú wá sí mi lọ́kàn. Mo dúró létí wáàfù kan rí nígbà tí omi fà: ìpẹtà ti jẹ irin ògiri náà dé ibi tí yanrìn ẹ̀yìn rẹ̀ ń jò díẹ̀díẹ̀ láti ojú ihò, kọnkéré òkè sì ti sán. Ẹsẹ̀ ni irú ògiri bẹ́ẹ̀ nílò. Ìdí nìyí tí mo fi yan "ìfẹsẹ̀múlẹ̀", nítorí pé àwọn oníṣẹ́ a máa gbá irin tuntun wọlẹ̀ níwájú ti àtijọ́, wọn a sì da òkúta sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ kí àjẹ̀ tí ẹ̀rọ ọkọ̀ ń yí lábẹ́ omi má baà fẹ́ yanrìn ibẹ̀ lọ.

Ó ku irin gígùn tí wọ́n fi ń fa ògiri náà mọ́ ilẹ̀ láti ẹ̀yìn. A kò lè pè é ní ìdákọ̀ró, nítorí ọkọ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ yẹn. "Ìdágiriró" (láti inú "dá ògiri ró") ni mo kọ́kọ́ kọ sílẹ̀, àfi bí mo ṣe kà á sókè tí mo gbọ́ ìdágìrì nínú rẹ̀! Mo wá pa "a" jẹ dípò "o": ìdógiriró. Bí ẹnikẹ́ni bá ní èyí tó kúrú jù ú lọ, kí ó jọ̀wọ́ mú un wá.