Ṣé kí n gé róòsì tó ní àmì dúdú nínú òjò yìí?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ nípa òdòdó. Àjàṣẹ́ ni mo wà. Láti ìgbà tí òjò ti ń rọ̀ léraléra ni àmì dúdú ti yọ sára ewé róòsì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri wa. Etí àmì náà kò gún, ó rí bíi tàdáwà tó kán sórí ìwé. Ewé á pọ́n rúsúrúsú yí i ká, á sì já bọ́. Ìsàlẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀. Ó ti ń gòkè báyìí.

Mo ti ṣa ewé tó já sílẹ̀, mo sì sun ún, torí ibẹ̀ ni àrùn fọ́ńgọ́ọ̀sì yìí máa ń sá pamọ́ sí, kí omi òjò tó ta á padà sórí igi. Mo fọ́n omi dóńgóyárò pẹ̀lú ọṣẹ sí i. Òjò fọ̀ ọ́ dànù. Ẹnì kan lọ́jà ní kí n ra oògùn kòkòrò. Kòkòrò wo? Mi ò rí ìkankan.

Ìbéèrè mi ni pé: ṣé kí n gé ẹ̀ka rẹ̀ nísinsìnyí, àbí kí n dúró kí òjò dá? Ìyá ọkọ mi ló gbìn ín, ẹ̀yin náà ẹ mọ ohun tí mo ń sọ.

Ẹ má bínú pé ọ̀rọ̀ mi gùn. Mo dúpẹ́ sílẹ̀ o.